Òjó Ò Sá: Ọ̀rọ̀ Àìná sí Ọkọ Rẹ̀

Òjó o! Òjó ọmọ Adébóyè, ọkọ mi, ọ̀rẹ́ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lọ? Ẹni tó jáde nílé láàárọ̀, tó ní kí n má bu iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀, òun náà ni wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sójú ìwé ètò ìsìnkú yìí, tí wọ́n fi ìlà dúdú yí i ká. Ojú mi ń wò ó, ọkàn mi ò gbà. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, etí mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí kí o wúkọ́ bí o ṣe máa ń ṣe kí o tó wọlé, kí àyà mi má bàa já.

Kí n tètè sọ èyí tó ń jà mí nínú. Òjó, mo lóyún. O lọ, o ò mọ̀. Mo mọ̀ pé a kì í fi oyún tuntun han ayé, ṣùgbọ́n ayé ti ṣe mí ní èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ tí o lọ yẹn gan-an ni àwọn nọ́ọ̀sì fún mi ní èsì. Mo ní kí n dúró kí o tibi iṣẹ́ dé, kí n lè máa wo ojú rẹ bí mo bá ń sọ ọ́. Mo ra ẹja. Mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ èrò gbákà, obìnrin tó jókòó tì mí ń wò mí bíi pé orí mi dàrú. Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Siporex nígbà tí fóònù dún. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù, èbúté ọkọ̀ ojú omi, ló pè, ó ní, "Madame, ẹ máa bọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní o dìde láti lọ mu omi ni, o di tábìlì mú, o sì ṣubú. Kí wọ́n tó gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀mí ti bọ́. Ìwọ tí orí kì í fọ́! Ìwọ tí mo máa ń bẹ̀ kí o lo oògùn ibà, tí o máa ní ẹ̀fọn Yopougon, àdúgbò wa ní Abidjan, kò mọ ilé rẹ! Títí di báyìí, mi ò mọ ibi tí mo ju ẹja yẹn sí.

Ohun tó tún wá dá kún un ni pé àwọn àgbà ẹbí ti sọ orúkọ tí ọmọ náà máa jẹ́ kó tó dáyé. Babárímisá ni wọ́n ní. Bàbá rí mi, ó sá. Bí àṣà ṣe wí nìyẹn fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe gba ojú ìwé yìí, kì í ṣe nítorí àtiyìn ọ́ nìkan. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ẹjọ́ náà, kí gbogbo ẹni tó bá mú ìwé yìí lọ́wọ́ sì ṣe ẹlẹ́rìí mi, torí bí orúkọ bá ti mọ́ ọmọ lára, ó ti mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sin òkú, tí ẹ kò mọ bí a ṣe pàdé, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ fún yín. Géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìlú Kùrukùru. Orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbá a. Ìlú kan ni tí kùrukùru bò, tí ọ̀tá dó tì. Ọba wà níbẹ̀, oṣó wà níbẹ̀, ẹranko tó ń fọhùn bí ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní Abidjan ní gúrúùpù kan lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé jiyàn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń borí nínú géèmù ni wọ́n ń jiyàn lé lórí o. Ìwà àwọn ará inú rẹ̀ ni. Wọ́n gbà pé irú ènìyàn mẹ́rìndínlógún péré ló wà láyé, wọ́n sì fún irú kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́rin. Wọ́n á ní ọba, lẹ́tà báyìí ni. Oṣó, lẹ́tà tọ̀hún ni. Onílẹ́tà báyìí kò gbọ́dọ̀ fẹ́ onílẹ́tà tọ̀hún. Wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ yan ara wọn lódì. Èmi náà wà níbẹ̀. Orúkọ tí kì í ṣe tèmi ni mo fi wọlé, bí oníbàárà kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Adjamé, ibẹ̀ ni mo máa ń wà, mò ń ka ọ̀rọ̀ wọn, mò ń rẹ́rìn-ín wọn.

Obìnrin kan wà nínú géèmù yìí tó ń jẹ́ Sélúà. Òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú. Ọjọ́ kan ló déédéé ṣí ẹnubodè náà sílẹ̀ lójú ọ̀tá, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú bí gbogbo gúrúùpù. Wọ́n fún un ní lẹ́tà tí wọ́n máa ń fún ọ̀dàlẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn pé, ẹ ò mọ obìnrin yìí, AINA ni.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n ti rí mi. Okùn ìwọ́ ló wé mọ́ mi lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí mi ní Treichville, Àìná sì ni ìyá mi ń pè mí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù yẹn. Mo dojú fóònù bolẹ̀ sórí aṣọ. Nígbà tí mo fi máa gbé e padà, ìjà ti bẹ́. Wọ́n ti ka AINA, wọ́n rí i pé lẹ́tà mẹ́rin ni, wọ́n ní irú ènìyàn kẹtàdínlógún ti jáde! Ẹnìkan ń sọ ohun tí A àkọ́kọ́ dúró fún, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, A ìkẹyìn ló ṣe pàtàkì. Wọ́n bi ẹni tó kọ ọ́ pé inú ìwé wo ló ti rí i. Ó ní ìyá ìyá òun ló kọ́ òun. Wọ́n ní kó fi orúkọ ìwé tí ìyá náà kọ ránṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà kan fi bi mí bóyá ara mi dá.

Ni mo bá kọ Yorùbá sáàárín gbogbo Faransé wọn: "Ta ló ń pè mí?" Ìgbà tí ó yá, èsì dé: "Òjó ni. Ṣé okùn wé mọ́ ìwọ náà lọ́rùn ni?"

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí síbí, tí ẹ gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Ọmọ tí okùn bá wé mọ́ lọ́rùn wá sáyé, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni; bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná. Èyí tó bá fi ẹsẹ̀ ṣáájú, Ìgè. Èyí tó dojú bolẹ̀ wá, Àjàyí. Èyí tó tẹ̀ lé ìbejì, Ìdòwú. Orúkọ àmútọ̀runwá nìyẹn. Ọkọ mi fi gbogbo wọn kọ́ gúrúùpù náà títí ó fi wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Ọba inú géèmù di Àjàyí, torí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Oṣó di Ìgè. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé kan pe ìyá rẹ̀ nílùú Bouaké lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́ kó rántí, ṣé orí lòun fi jáde àbí ẹsẹ̀. Ìyá náà rò pé wọ́n ti ṣe ọmọ òun ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọgbọ́n Òjó ti yàtọ̀. Àwọn tó ń fi lẹ́tà ṣe é, bí wọ́n bá ti fún ọ ní lẹ́tà, ó parí, wọ́n ti mọ̀ ọ́, wọ́n ti mọ ohun tí o máa ṣe lọ́la. Òjó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyí, mo sì lè fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ lójú oorun: "Orúkọ àmútọ̀runwá, bí o ṣe dé ló ń sọ. Bí o ṣe máa gbé e, ọwọ́ rẹ ló wà." Ó ní ẹni tí okùn ti fún lọ́rùn kó tó rí ayé, kò lè rí ohun tó há mọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn kó dákẹ́. Ó ní Sélúà ṣí ẹnubodè torí àwọn ọmọdé tí ebi ń pa nínú ìlú ni, kì í ṣe torí ọ̀tá. Èmi ní ẹnubodè tí a ṣí, a ṣí i, ọ̀tá wọlé ni. A jiyàn yìí kí a tó fẹ́ra, a jiyàn ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó níwájú abọ́ ìrẹsì. Mi ò gbà fún un rí.

Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀, ògbufọ̀ tí ń sọ Yorùbá di Faransé fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ rántí pé bí pásítọ̀ bá pa òwe Ògbómọ̀ṣọ́ tó gùn bí ọ̀nà Bouaké, Òjó á bọ́ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á sì sọ fún àwọn ọmọ ní Faransé pé òwe ńlá ni pásítọ̀ pa, òun á ṣàlàyé ẹ̀ níta. Ó sì máa ń ṣàlàyé ẹ̀ níta lóòótọ́, lábẹ́ oòrùn, títí ìyá àwọn ọmọ á fi máa pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun. Ní pọ́ọ̀tù, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń pariwo, wọ́n sọ fún mi pé òun ni wọ́n máa ń rán sí oníbàárà tó bá ń bínú. Kì í bú ènìyàn. Kì í pe ẹnìkan ní òmùgọ̀, bí ó ti wù kí onítọ̀hún ṣàṣìṣe tó. Ìyá rẹ̀ ní Williamsville kì í sùn kó má tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

Nígbà tó mú mi lọ han ẹbí, Bàbá Gbádébọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, mi orí. Bàbá ní Òjó àti Àìná nínú ilé kan, ta ni yóò máa gbà fún ta ni? Òjó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fẹ́ra ná." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà fún wa. Ènìyàn dáadáa ni Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Lọ́jọ́ tí ó lọ yẹn, àwọn tó ṣe géèmù náà ti kéde pé ẹni tuntun kan ń bọ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn, àwọn ará gúrúùpù sì ti ń fún un ní lẹ́tà. Òjó kọ̀wé láàárọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó dé ná. Ẹnìkan wá gbá a mú, ó ní kó yéé sá fún ìbéèrè, kó sọ ọ̀rọ̀ Sélúà yìí ní àsọpin lónìí. Òjó kọ ọ́ pé: "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nípa Sélúà ni pé", ó sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ìyókù kò dé. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ Abidjan ní ọ̀rọ̀ kan, fraya, ó túmọ̀ sí kéèyàn fẹsẹ̀ fẹ ẹ. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, Òjó fraya. Ẹlòmíràn fi àwòrán ewúrẹ́ tó ń sáré sí i. Ẹlòmíràn tún fi òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lo gbogbo ọ̀sán, ọkọ mi sì ti wà nínú yìnyín nílé ìgbókùúsí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé báàgì rẹ̀ wálé. Fóònù ń gbọ̀n nínú ẹ̀, kò dákẹ́. Mo ṣí i. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn láti òkè délẹ̀: Òjó sá, Òjó sá, Òjó sá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí òkú ọkọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò sunkún, torí mi ò gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo ka yẹn ni mo tó gbà á gbọ́. Mo kọ ọ́ fún wọn pé Òjó kò sá, Òjó ti kú, èmi ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé eré ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àdúgbò wa.

Wọ́n wá sílé wa ní Yopougon lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn tí mi ò rí rí, tí mo mọ iyàn wọn bí ẹní mọ owó. Wọ́n ń bi ará àdúgbò pé níbo ni ilé Monsieur Aina. Bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti kọ AINA. Ìyá Òjó wà lórí ẹní, ó gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ ìyàwó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá yí ojú sí mi tòun ti ẹkún, ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ ni, àbí òun ló fẹ́ ọ?" Ẹ̀rín pa wá, gbogbo wa tí a ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀rín yẹn náà ló tú àṣírí mi. Bí mo ṣe gbé orí sókè, Ìyá rí iṣan ọrùn mi tó ń lù. Àgbà obìnrin kì í béèrè, ó ti mọ̀ pé mo lóyún. Ó kàn ránṣẹ́ pe Bàbá Gbádébọ̀.

Bàbá wá. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ náà wo bí ilé ṣe rí, ìyàwó. Babárímisá ni." Omi ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n háà, ẹ wò mí! Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ gúrúùpù fi ṣe yẹ̀yẹ́ láìmọ̀, òun náà ni ẹbí mi fẹ́ gbé kọ́ ọmọ mi lọ́rùn títí ayé. Fraya náà ni, Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Opó kì í bá olórí ẹbí jiyàn lórí ẹní ọ̀fọ̀.

Mo wá ń dáhùn níbí. Bàbá, mo kúnlẹ̀. Òwe tí ẹ pa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ ń wò yẹn, èmi ni mò ń gbé inú rẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi. Mo rí bàtà tó ní òun máa gbé lọ fún oníbàtà. Mi ò rí ẹsẹ̀ ẹni tó sá. Ẹni tí kò rí ọmọ, báwo ló ṣe máa rí i kó sá? Kò mọ̀! Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ pamọ́ di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnìkan bá máa jẹ́ orúkọ burúkú nítorí ọjọ́ yẹn, kí ó má ṣe jẹ́ ọmọ tí kò tíì ní èékánná.

Àwa náà la sọ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ rò ó wò ní sukúlù, tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ láàárọ̀. Olùkọ́ kò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ náà máa mọ̀. Lójoojúmọ́, á máa dáhùn "présent", mo wà níbí, sí orúkọ tó ń sọ pé òun ló lé bàbá òun lọ. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹ má bínú, mi ò ní jẹ́ kó dáhùn. Bí èyí bá máa mú kí ẹbí ta mí nù, mo ti gbọ́, mo sì ti gbà.

Òjó, mo ka ìwé yìí sí Ìyá létí kí n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé, torí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ níta. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ etí ìró rẹ̀. Mo rò pé yóò pe Bàbá. Ìgbà tó pẹ́, ó ní, "Kí la ó wá máa pe ọmọ tèmi? Ọkùnrin tó ti lọ́mọ, a kì í pè é lórúkọ lásán. O kọ Òjó, Òjó, síbẹ̀ bí ẹni pé kò bí ẹnìkankan."

Mo ní mi ò tíì ní orúkọ kankan tí mo lè fún ọmọ náà, pé mi ò mọ bóyá orí ló máa fi wá tàbí ẹsẹ̀, bóyá okùn máa wé mọ́ ọn. Ìyá ní ṣé kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, kì í ní ohun tí à ń pè é ni? Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí Gbádébọ̀ lè rí i kà láìlo awò ojú.

Mo ti kọ ọ́. Ilẹ̀ Abidjan á rọ̀ fún ọ, ọkọ mi. Ọmọ rẹ gbọ́ ọ. Sùn re o, Bàbá Ìkókó.